Guide price kọ́ ni iye ilé o: bẹ́ ẹ ṣe máa ra ilé gbàǹjo ní England kówó yín má bàá wọgbó

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó máa ń dun èèyàn jù. Ẹ ṣí wẹ́ẹ̀bù àwọn onígbàǹjo, ẹ rí ilé oníyàrá méjì kan, guide price (iye tí wọ́n kọ sí i ṣáájú gbàǹjo) £95,000, ẹ wo àwọn ilé tó wà lójú títì yẹn, £170,000, £180,000 ni wọ́n ń tà wọ́n, orí yín wú, ẹ pe lọ́yà, ẹ pe surveyor (ẹni tó ń yẹ ilé wò), ẹ wọkọ̀ lọ wo ilé, owó ti ń jáde lápò díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ gbàǹjo wá pé, ẹ ò tíì lanu tí wọ́n ti kọjá £120,000, nígbà tí onígbàǹjo máa fi lu òòlù pé ó ti tà, £148,000 ni. Surveyor ò ní dá owó yín padà, lọ́yà ò ní dá a padà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ tún rí òmíràn, guide £90,000, ó tún di bákan náà. Àwọn kan ṣe é títí wọ́n fi gbà pé jìbìtì ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì, àmọ́ àwọn tó ń tajà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa, ẹ̀yin náà ló kù kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. (England ni mò ń sọ o, Scotland ní òfin tiẹ̀, Wales náà ní owó orí ilé tiẹ̀ lọ́tọ̀.)

Iye méjì ló wà lórí ilé gbàǹjo. Ọ̀kan ni reserve, ìyẹn iye tí onílé ti sọ sétí onígbàǹjo pé tí kò bá tó báyìí kẹ́ ẹ má tà á, àṣírí ni, wọn ò ní sọ ọ́ fún yín. Èkejì ni guide price tí wọ́n kọ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán ilé. Ìlànà ìpolówó ọjà tí ASA (Advertising Standards Authority, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó) ń mójú tó ní UK sọ pé tó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo ni guide price, reserve ò gbọdọ̀ fi ju 10% lọ lókè ẹ̀, tó bá sì jẹ́ láti iye kan sí iye kan ni wọ́n kọ, reserve gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Á jẹ́ pé guide £95,000, reserve ẹ̀ lè tó £104,500. Ẹ wá rò ó wò: tẹ́ ẹ bá gbé £95,000 géérégé wá, kò sì sẹ́lòmíì tó lanu rárá, ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó síbẹ̀, ó ṣì ṣeé ṣe kí wọ́n máà tà á fún yín. Iye tí wọ́n fúnra wọn kọ síta nìyẹn o.

Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Reserve nìkan ni ìlànà yẹn ká lọ́wọ́ kò, kò sọ nǹkan kan nípa iye tí wọ́n máa padà tà á. Reserve ò sì jọ iye tí onílé ń retí, iye tó kéré jù tó lè gbà ni. Onílé tó bá gbọ́n á fi reserve sísàlẹ̀ kí guide price náà lè wà nísàlẹ̀, torí ó mọ̀ pé tí èèyàn bá ti pọ̀ nídìí ẹ̀ àwọn fúnra wọn á gbé e lọ sókè. Onígbàǹjo náà ń jèrè níbẹ̀, kátálọ́ọ̀gì tó kún fún ilé olówó pọ́ọ́kú ló ń jẹ́ kí fóònù wọn máa dún. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ilé tí guide price ẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì dín sí ti àwọn ilé tó yí i ká, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ: ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fi ń pe èrò ni, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ń bẹ nínú ìwé ilé yẹn tí ojú ò rí nínú àwòrán. Nígbà míì méjèèjì ni.

Ẹ tún mọ̀ pé wọ́n lè yí i padà. Guide price tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ Ajé lè ti gbéra kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní àwọn tó béèrè ló pọ̀. Ẹ máa fi fóònù ya á sílẹ̀, kí ọjọ́ wà lára ẹ̀, ẹ máa rí ìwúlò ẹ̀ nísàlẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá iye tiyín

Ẹ gbé guide price yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí i. HM Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé sílẹ̀, ń gbé iye tí wọ́n ta ilé gan-an síta fún England àti Wales, láti 1995, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá títì yẹn síbẹ̀, ẹ wo irú ilé kan náà tí wọ́n tà láàárín ọdún kan sí méjì sẹ́yìn. Ẹ má lọ lo iye táwọn éjẹ́ǹtì kọ sórí Rightmove (wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti ń polówó ilé), iye tí wọ́n ń béèrè nìyẹn, a kì í tíì mọ iye tí wọ́n máa gbà. Kẹ́ ẹ sì fi flat wé flat, ilé wé ilé, oníyàrá méjì wé oníyàrá méjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò ń ṣe, tó sì jẹ́ pé èmi ò rí ohun tó dà bíi ẹ̀: ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù onígbàǹjo yẹn gan-an, ẹ wá èsì gbàǹjo wọn tó kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń fi í síbẹ̀. Ẹ kọ ogún ilé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tó jọ irú èyí tẹ́ ẹ ń wá, ẹ kọ guide price ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí wọ́n tà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ wá fi guide price pín iye tí wọ́n tà á. Ẹ máa rí i pé onígbàǹjo kan wà tí ilé ẹ̀ kì í sábà fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí guide, òmíràn wà tó jẹ́ pé ìdajì guide ni wọ́n tún máa ń gùn lé e lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìwà onígbàǹjo kan, guide price ẹ̀ ò lè tàn yín mọ́, torí ẹ máa fi iye tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lórí yín lẹ́sẹ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ pé guide £95,000 wọn sábà ń parí sí nǹkan bíi £140,000, ẹ̀yin sì mọ̀ pé £110,000 lẹ lè san, kí lẹ tún fẹ́ lọ wo níbẹ̀? Ẹ kọjá. Owó surveyor ti dúró sápò yín nìyẹn.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pè wọ́n. Ẹ má tijú. Wọn ò ní sọ reserve, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹnikẹ́ni ti dá iye kan ṣáájú gbàǹjo, èló ni wọ́n kọ̀, èèyàn mélòó ló ti wo ilé, èèyàn mélòó ló ti gba legal pack (àkójọ ìwé ilé). Àwọn míì á dáhùn, àwọn míì á máa yí ọ̀rọ̀ po, yíyí ọ̀rọ̀ po náà ìdáhùn ni. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti kọ £115,000 lórí ilé tí guide ẹ̀ jẹ́ £95,000, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ láìná kọ́bọ̀.

Inú ìwé ni iye tó kù fara pamọ́ sí

Legal pack ni àkójọ ìwé ilé tí lọ́yà onílé ṣe: ìwé Land Registry, àwòrán ààlà, lease (ìwé tó sọ iye ọdún tẹ́ ẹ ní lórí ilé) tó bá jẹ́ flat, searches (ìwádìí tí wọ́n ṣe nípa ilé lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn míì), àdéhùn ayálégbé tó bá wà níbẹ̀, àti ohun kan tí wọ́n ń pè ní special conditions. Tẹ́ ẹ ò bá ní ka nǹkan míì, ẹ ka special conditions. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá rà á ló máa san owó lọ́yà onílé, òun ló máa dá owó searches padà, òun ló máa gba gbèsè service charge (owó ìtọ́jú ilé) tó wà nílẹ̀, tàbí kó tún san ìdá kan nínú iye ilé fún onílé lórí iye tó ti dá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lè wà níbẹ̀ tí kò sí nínú guide price rárá. Ilé méjì lè ní guide kan náà kí ọ̀kan sì wọ́n ju èkejì lọ pẹ̀lú £6,000 torí ojú ewé kan ṣoṣo yẹn.

Tó bá jẹ́ flat, ẹ wo iye ọdún tó kù lórí lease. Tó bá ti wá sábẹ́ ọgọ́rin ọdún, owó tẹ́ ẹ máa fi sún un síwájú ti ń gòkè, tó bá tún lọ sísàlẹ̀ gan-an ọ̀pọ̀ báńkì ò ní fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin ò ní rí mọ́géèjì, ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á fún lọ́la náà ò ní rí i. Aládùúgbò wa kan ra flat báyìí, ó rò pé òun he nǹkan, ìgbà tó fẹ́ gbé e lọ sí báńkì ló tó mọ̀ pé ọdún tó kù lórí ẹ̀ ò tó ọgọ́ta. Ó wà nínú pack o, ojú ewé kejì. Ṣe ló wo kíṣìnnì tuntun tí wọ́n ṣe síbẹ̀, kò wo ìwé.

Àwọn nǹkan míì tó ń fa guide price wálẹ̀: ilé tí kò ní kíṣìnnì tàbí balùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ báńkì ló kà á sí ibi tí èèyàn ò lè gbé, ilé tí wọ́n fi kọnkéré tí kò wọ́pọ̀ kọ́, ewéko Japanese knotweed tó nira láti pa nínú ọgbà, ayálégbé tí kò ṣeé lé, ilé tó ti ń sọ̀, tí ara ògiri ń là. Tó bá jẹ́ ilé gíga tí wọ́n bo ara ẹ̀, ẹ béèrè ìwé tó sọ bóyá ohun tí wọ́n fi bò ó lè tètè jóná. Lọ́yà tó mọ gbàǹjo ni kó ka pack yín o, kì í ṣe lọ́yà èyíkéyìí, torí kò sí àyè à ń kọ lẹ́tà à ń retí èsì bíi ti ilé tí éjẹ́ǹtì ń tà.

Addendum ńkọ́? Ìwé àtúnṣe ni, ó máa ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ gbàǹjo gan-an nígbà míì, wọ́n lè fi yí special conditions padà, wọ́n lè fi yí guide padà, wọ́n lè fi sọ pé ilé yẹn ò tiẹ̀ sí nílẹ̀ mọ́. Tí òòlù bá ti balẹ̀ wọ́n á kà á sí pé ẹ ti rí i. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó lanu, ní gbogbo ìgbà.

Owó

Gbàǹjo ti àtijọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ń lu òòlù, kò sí pé ẹ fẹ́ lọ ronú wò. Òòlù balẹ̀, àdéhùn ti wọlé, ẹ san 10% lọ́jọ́ yẹn, ìyókù láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ohun tí pack bá kọ lẹ máa tẹ̀ lé. Tẹ́ ẹ ò bá rí i san, 10% ti lọ, wọ́n tún lè ta ilé yẹn fẹ́lòmíì kí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ wá san ohun tó bá fi dín. Mọ́géèjì lásán kì í sábà yára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń yá owó bridging (owó ìgbà díẹ̀), tó jẹ́ pé oṣooṣù ni èlé ẹ̀ ń gùn, tí owó ìforúkọsílẹ̀ sì wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ ti gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Owó orí tẹ́ ẹ máa san fún ìjọba tẹ́ ẹ bá ra ilé, SDLT (Stamp Duty Land Tax), ó ní ibi kan tó máa ń gún àwa ọmọ Nàìjíríà lẹ́gùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ti ní ilé míì, 5% ló ń gorí gbogbo iye ilé láti 31 October 2024, ilé tí wọ́n ń sọ yìí sì lè wà níbikíbi láyé. Ilé tẹ́ ẹ kọ́ sí Nàìjíríà náà ilé ni lójú wọn, tí ìpín yín nínú ẹ̀ bá ti tó £40,000. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní òun ò nílé, torí ilé tó wà ní UK nìkan lòun ń rò. Ẹ máa san 5% yẹn, àyàfi tó bá jẹ́ pé ilé tẹ́ ẹ ń gbé lẹ tà kẹ́ ẹ lè fi èyí rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà tó fẹ́ rà á láti ibẹ̀, 2% tún wà fún àwọn tí kì í gbé UK. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lẹ ní lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó tán láti fi san án.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ilé tó máa tó £180,000 tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ ti ní ilé kan tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe £25,000, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ £5,000, owó onígbàǹjo £1,500, lọ́yà yín £1,800, lọ́yà onílé tí special conditions gbé kọ́ yín lọ́rùn £1,500, bridging £7,000, kẹ́ ẹ sì fẹ́ kí £20,000 ṣẹ́ kù kí wàhálà yẹn tó yẹ yín. Gbogbo ẹ̀ £61,800. Ó ku £118,200, àmọ́ 5% SDLT ṣì wà nínú ẹ̀, torí náà iye tó ga jù tẹ́ ẹ lè dá lé ilé yẹn ni nǹkan bíi £112,500. (Àpẹẹrẹ ni owó tí mo kọ yìí o, ẹ fi tiyín sí i.) Ẹ wá padà wo guide £95,000 tá a ń sọ. Reserve lè ti tó £104,500. £8,000 péré ló kù láàárín reserve yẹn àti iye tó ga jù tiyín. Ilé tó dà bí ẹni pé ẹ máa jèrè £85,000 lórí ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ £112,500 yẹn sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó lè bá yín wí.

Gbàǹjo tí wọ́n ń pè ní modern method ńkọ́? Òun ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn éjẹ́ǹtì báyìí, ẹ máa rí "starting bid" (iye tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀) lórí ẹ̀, ìyẹn tún máa ń rẹlẹ̀ ju guide lọ. Wọ́n á fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mọ́géèjì lè bá a, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa san reservation fee (owó tẹ́ ẹ fi ń di ilé mú), ó lè kọjá 4% iye ilé, wọn kì í sì í yọ ọ́ kúrò nínú iye ilé lọ́pọ̀ ìgbà, orí ẹ̀ ló ń gùn. Tẹ́ ẹ bá sá, ó ti lọ. Lójú tèmi, ẹni tó ń ra ilé ló ń san owó iṣẹ́ tí onílé gbé fún éjẹ́ǹtì, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣáà máa rà á ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa dá.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an

Ẹ lè gbọ́ tí onígbàǹjo ń ka iye sókè tẹ́ ẹ ò sì rí ẹni tó ń dá a. Kò rú òfin, tí ìwé wọn bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ó lè dá iye lórúkọ onílé títí kó tó kan reserve, kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́ tó bá ti kàn án. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ máa rò pé torí ẹlòmíì ń dá a ilé yẹn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, aago wọn máa ń fi ìṣẹ́jú kún ara ẹ̀ tẹ́nì kan bá dá iye nígbà tó kù díẹ̀, torí náà kò sí ọgbọ́n à ń dúró dìgbà tó kù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè fi iye tó ga jù tiyín sínú ẹ̀rọ wọn kẹ́ ẹ sì lọ jẹun. Èmi mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yún èèyàn, £1,000 sí i, £1,000 sí i, ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Èyí tó kọjá £112,500, àtúnṣe òrùlé lẹ ń ná yẹn.

Tẹ́ ẹ bá rí i rà, ẹ ra inṣọ́ránsì ilé lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ àdéhùn gbàǹjo ló sọ pé láti ìgbà tí òòlù ti balẹ̀, tó bá jóná, tiyín ló jóná.

Tó bá wá ṣe yín bíi pé wọ́n ṣì yín lọ́nà, ẹ tọ́jú àwòrán tẹ́ ẹ fi fóònù yà. Ilé tó dúró láìtà, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé iye tẹ́ ẹ dá ti kọjá guide pẹ̀lú ju 10% lọ, reserve wọn ti rú ìlànà nìyẹn, ẹ kọ̀wé sí onígbàǹjo kọ́kọ́, tí wọn ò bá dáhùn ẹ kọ̀wé sí ASA. ASA ò ní dá owó surveyor yín padà o, ìpolówó nìkan ni iṣẹ́ wọn, àmọ́ wọ́n lè ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá owó, ẹ béèrè ẹgbẹ́ ìparí aáwọ̀ tí onígbàǹjo yẹn wà, bíi The Property Ombudsman, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ilé tí wọ́n tà kọjá guide torí èèyàn jà lórí ẹ̀, ìyẹn ò ní ẹjọ́, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò.

Àwọn ilé tí kò tà ńkọ́? Ẹ pe wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Onílé tó ti ń retí £150,000 tí kò rí ẹni bá a dé reserve, ojú ẹ̀ á ti là díẹ̀, ẹ lè dá iye tó bá ìṣírò yín mu, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan. Ẹ kàn rántí pé àdéhùn kan náà ni wọ́n máa fi tà á fún yín, 10% lójú ẹsẹ̀, kò sí ìrònúpìwàdà, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí kò fi tà, ẹ sì tún addendum wò kẹ́ ẹ tó ní bẹ́ẹ̀ ni.